Ìpele Kélòó Ni Kábíyèsí Wà?

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Màmá kú, wọ́n to àga síwájú ilé wa ní Ayétòrò, àwọn èèyàn sì wá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń parọ́. Àfáà ní onísùúrù ni. Bọ̀ọ̀dá Sùlè, tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, tó sì jẹ́ ọmọ tí Màmá fi inú ara rẹ̀ bí, gba gbohùngbohùn, ó ní obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé. Mo wo àwọn tó jókòó. Ó kéré tán, mo rí èèyàn mẹ́fà tí Màmá ti bá jà láàárín ọdún kan yìí, Bọ̀ọ̀dá Sùlè fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ń mi orí, wọ́n ń ṣe àmín. Bí òkú bá ń gbọ́ràn, mo mọ̀ pé Màmá ti ń wá igi tí yóò fi lé wọn.

Èmi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò kúkú sẹ́ni tó fún mi ní gbohùngbohùn. Ta ló máa ń fún ẹni tó ń lẹ táyà ọ̀kadà ní gbohùngbohùn? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ má wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ níbí, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì wá gírámà, SS1 ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ohun tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ Tàjú àbúrò mi, àti ohun tí èmi ṣe.

Màmá, ìyá bàbá wa, ló tọ́ èmi àti Tàjú. Bàbá wa ti kú tipẹ́, ìyá wa ń ṣòwò ní Kútọnu, ọdún iléyá la máa ń rí i. Láfún ni iṣẹ́ Màmá. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú àgbá, tó bá rọ̀, a ó kó o jáde, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún un, a ó sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Bí ẹ bá ti jẹ òkèlè funfun ní Ayétòrò tí kò ní kókó rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiwa. Bó bá ní kókó, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Màmá ní àwọn ìwà kan. Bó bá ń bó ẹ̀gẹ́, gbogbo ìdí ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri. Bí ọ̀kan bá kọjú síta, yóò dìde lórí àpótí, yóò lọ yí i padà. Àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ méjì ló máa ń jẹ láàárọ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ orin ńlá síta fún ìnáwó ní àdúgbò, yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, yóò fi gèlè di etí. Kì í wojú èèyàn. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sì lè sọ bí ojú Màmá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ Màmá mọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ tó já.

Gbogbo àdúgbò ní ìwà àgbà ni. Wọ́n ní àwọn àgbà ìjọ́sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Tàjú náà kì í wojú èèyàn. Ó máa ń to bàtà gbogbo ilé sẹ́nu ọ̀nà, kí orí gbogbo wọn kọjú síbì kan. Ariwo ẹ̀rọ ìlọ̀ máa ń sọ ọ́ di ẹni tó ń fi orí gbá ògiri. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì tíì sọ gbólóhùn kan. Èyí kì í ṣe ìwà àgbà o. Èyí, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò kan náà ṣe sọ, àìsàn ni. Ìyá Ṣàkírù tó wà lójúlé kejì wá bá Màmá lọ́jọ́ kan láti gbà á nímọ̀ràn pé ọmọ tó ń to bàtà báyìí, kí a tètè gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Màmá ń to ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ìyá Ṣàkírù, bí ọmọdé bá ṣe é, àìsàn ni, bí àgbà bá ṣe é, ìwà ni. Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹ̀gẹ́ mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bọ̀ọ̀dá Sùlè, nítorí òun ni ọlọ́gbọ́n ilé wa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó ní kí wọ́n fi í ṣe gómìnà. Ó gbọ́ òyìnbó, ó sì ń lọ sí Tube lẹ́nu ibodè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ó tún gbọ́ Faransé, débi pé "bọ́nsúà", tí àwọn Faransé fi ń kíni nírọ̀lẹ́, ló fi ń kí wa láàárọ̀ kùtù. Bọ̀ọ̀dá Sùlè yìí ló lọ ra fírísà ní Tube, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọdá ni. Wọ́n jọ sọ Faransé dáadáa. Nígbà tó gbé e délé, a rí i pé ẹ̀yìn fírísà náà ṣófo. Ohun tó ń mú nǹkan tutù kò sí níbẹ̀, àfi páálí kan tí wọ́n fi dí ojú ihò. Títí di òní, aṣọ ló ń kó sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá jókòó sí pálọ̀ wa, tó ní kí Màmá má fi àkókò ṣòfò lórí Tàjú, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kò lè ní làákàyè. Ó sọ ọ́ fún bíi wákàtí kan. Màmá jẹ́ kó parí.

"Sùlè, mo ti gbọ́. Ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ rí, kò sì ra páálí rí."

Ọ̀kan nínú ìjà méjì ọdún yẹn nìyẹn.

Iṣẹ́ tí Tàjú ń ṣe nínú láfún kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Màmá kàn rí i pé ó máa ń ṣí àgbá, á ti ìka bọ inú ẹ̀gẹ́, á dúró díẹ̀, á sì dé e padà. Bí kò bá tíì rọ̀ tó, á jókòó sórí ọmọrí. Bó bá ti rọ̀, á gbé ọmọrí kalẹ̀, á ti í sẹ́sẹ̀ Màmá. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti dẹ́kun kíka ọjọ́. Nígbà òtútù, ẹ̀gẹ́ máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Nígbà ooru, kì í pẹ́. Ẹ̀gẹ́ inú oko tuntun yàtọ̀ sí ti oko àtijọ́. Tàjú mọ gbogbo rẹ̀. Màmá ò sọ fún aráyé pé ìyanu ni. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ àgbá lọ̀ ọ́, bí ẹni ń fi ọ̀rọ̀ lọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Mo dé ibi tí mo ń sá fún.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni. Oníbàárà kan láti Ìlaròó fẹ́ láfún púpọ̀ fún ìsọmọlórúkọ, Màmá sì lọ sí Ìdògò lọ kí ẹbí wa kan tó ń ṣàìsàn. Ó ní kí a kó ẹ̀gẹ́ jáde bí Tàjú bá ti ní ó yá. Ó di ọjọ́ kẹrin. Tàjú jókòó sórí ọmọrí. Ṣùgbọ́n èmi, ọ̀mọ̀wé, mo ti ka ọjọ́ mẹ́rin lórí ìka mi, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí mi ò fẹ́ pàdánù. Mo ní kó dìde. Kò dìde. Mo wọ́ ọ. Ó bù mí jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó sì tún padà jókòó. Mo gbé e kúrò bí ẹni gbé àpò, mo tì í mọ́ yàrá, mo kó ẹ̀gẹ́ jáde, mo sá a, mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn tiwa náà kò kúkú borí.

Láfún yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ̀ ọ́, òkèlè tí wọ́n fi rò ní kókó bí òkúta wẹ́wẹ́. Oníbàárà náà wá láti Ìlaròó wá bú Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Màmá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní Tàjú ló ṣí àgbá, tó kó o jáde nígbà tí mi ò sí nílé. Tàjú wà níbẹ̀, ó ń to bàtà. Màmá wo ọrùn ọwọ́ mi fúngbà díẹ̀, mo fi í sápò.

"Ó dáa. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ló jẹ̀bi. Ẹjọ́ tó rọrùn jù lọ láyé nìyẹn."

Mo rò pé ó gbà mí gbọ́ ni. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn èyí ni a gbọ́ pé ilé ìkọ́ṣẹ́ kan wà ní Ìlaròó tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bíi Tàjú ní iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì ń fi wọ́n síbi iṣẹ́ tó bá yá. Màmá ti ń rò ó pé bí òun bá kú, ta ni yóò máa wo ojú Tàjú. Ó fẹ́ kí ọmọ náà ní ibì kan tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa. Àwọn ará Ìlaròó ní kí a kọ́kọ́ mú ìwé wá láti ilé ìwòsàn. A lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin kan ló ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ọmọ tó mọ̀wàá hù, ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó kó káàdì alàwòrán jáde, ó ń bi Tàjú pé èwo ni báyìí. Àwòrán kan wà níbẹ̀, ère èèyàn tí wọ́n fi yìnyín mọ, tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì ṣe imú rẹ̀. Tàjú yí i padà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Màmá bi í pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, mà.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ò rí i rí, òun nìkan lo kọ ọ́ sílẹ̀ fún."

Lẹ́yìn káàdì, ó ní kí a sọ bí Tàjú ṣe ń ṣe nílé. Màmá fẹ́ dáhùn, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé dé SS1, àbí kí ni wọ́n sanwó iléèwé fún? Wọ́n bi mí bóyá ó máa ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, bóyá ó mọ ohun tí ìṣe rẹ̀ lè fà. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Mo wá sọ ti àgbá fún wọn, pé ó kó ẹ̀gẹ́ tí kò rọ̀ jáde, ó ba ọjà jẹ́. Mo sọ ọ́ dáadáa. Irọ́ tí èèyàn bá ti pa lẹ́ẹ̀kan, kì í nira lẹ́ẹ̀kejì. Tàjú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀ tí mo ń sọ ọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àga ló wà níbẹ̀.

Ìwé náà jáde. Ó ní ọ́tísíìmù ni, ìpele kẹta. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá lójú ẹsẹ̀: ìpele mẹ́ta ló wà, ẹ̀kẹta ló burú jù, ó túmọ̀ sí pé orí ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí n dúró ná. Ó ní ìpele kì í ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n. Bí ìrànlọ́wọ́ tí èèyàn nílò bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń sọ ọ́: láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, láti gba àyípadà, láti fara da ariwo. Ó ní ẹnì kan lè wà ní ìpele kẹta kó gbọ́n, ẹlòmíràn lè wà ní ìpele kìn-ín-ní kó má gbọ́n tó o. Ó ní ti òye Tàjú, ìlà tirẹ̀ ló ní nínú ìwé náà. Káàdì òun kò sì rí i wọ̀n dáadáa, nítorí náà ohun tí ilé sọ lòun kọ síbẹ̀. Ohun tí ilé sọ. Ilé náà jókòó, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Èmi ò gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ náà. Màmá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b ló gbọ́ ọ yé. Nígbà tí a jókòó nínú mọ́tò tó ń padà sí Ayétòrò, tí mo ṣì ń sọ pé ìpele kẹta, ìpele kẹta, ó kọjú sí bọ́tìnnì mi.

"Wọ́n ń bá kábíyèsí gbé agboòrùn. Wọ́n ń bá a ṣílẹ̀kùn. Láwùjọ, ẹlòmíì ló ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í jẹun lójú èèyàn. Kí ló ń dá ṣe? Rafíù, ìpele kélòó ni kábíyèsí wà?"

Ọkùnrin tó wà nídìí ilé ìkọ́ṣẹ́ ní Ìlaròó kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ó ka ìwé, ó fi ìka sí ìlà òye, ó ní àwọn kì í gba ọmọ tí òye rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n á fi kọ́ṣẹ́. Ó ní kí a má bínú. Màmá bínú. Ó bínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wá láti yàrá kejì wá wò ó. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé, ọkùnrin náà ò sì purọ́, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló kà. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, tí Tàjú di etí mú nítorí àwọn tó ń pe èrò, Màmá gbá ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ mi níbi tí àpá wà.

"Eyín Tàjú ti sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn. Mo ń dúró de eyín tìẹ ni."

Mo sanwó ọkọ̀ bí ẹni tó ń ṣe oore.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi rántí rẹ̀, ẹ gbàgbé ti àfáà. Ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí a gbé wọn, ó di Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀gẹ́ rírẹ ṣe ń rùn. Inú mọ́tò gbóná, wọ́n sì ní kí a ṣí fèrèsé, ó ti wà ní ṣíṣí. Awakọ̀ ní bí òun bá mọ̀, òun ì bá tí gbé wa. Màmá ní ẹnu tó ń jẹ ẹ́, kó fi imú rẹ̀ sílé.

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì tó mọ́ tónítóní. Ó ní kí ọmọbìnrin náà ti ìka bọ̀ ọ́, kó sọ èyí tó ti yá. Ọmọ náà ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó tẹ gbogbo rẹ̀, ó mú ti àárín. Màmá ní ó kàn mí. Mo mú ti ọwọ́ òsì. Màmá wá kúrò lọ́nà. Tàjú tẹ ti àárín, ó dé e. Ó tẹ ti ọwọ́ òsì, ó dé e. Ó tẹ ẹ̀kẹta, ó dúró díẹ̀, ó gbé ọmọrí rẹ̀ kalẹ̀, ó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sẹ́sẹ̀ Màmá. Màmá mú ẹ̀gẹ́ kan níbẹ̀, ó fún un, ó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

"Ọmọ mi, ìwọ tó kàwé, o ò mọ̀ ọ́n. Rafíù tó jẹ ẹ́ dàgbà, kò mọ̀ ọ́n. Ó yá, mú bírò wá, ìpele kélòó ni ká kọ fún yín?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wá ṣí ìwé ti àkọ́kọ́, ó ní nǹkan kan ń ta ko ara wọn níbí: ilé ti sọ pé Tàjú ló kó ẹ̀gẹ́ tí kò tíì rọ̀ jáde. Ọmọ tí òun wò lónìí, kò jọ ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló sọ ọ́, ṣé ó dá a lójú?

Màmá ò wò mí. Bọ́tìnnì mi pàápàá, kò wò ó. Ó fi àyè sílẹ̀ fún mi, àyè tó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Mo ní, "Ó ti pẹ́. Mi ò rántí dáadáa."

Oṣù méjì péré ni.

Màmá na ọwọ́ tí omi ẹ̀gẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ apá mi, ó dúró díẹ̀, bí Tàjú ṣe máa ń dúró. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé a ó padà wá.

"Èyí ò tíì rọ̀."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, a bá Màmá lórí ẹní ìkírun láàárọ̀, ó ti lọ. Àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ méjì wà lórí tábìlì.

Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí yóò rọrùn láti sọ ọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí. Lọ́jọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo ti ibi táyà pa, mo wọ mọ́tò Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin náà ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá Màmá. Mo sọ fún un. Ó jókòó. Mo wá fi ọrùn ọwọ́ hàn án, mo sọ ti àgbá, ti bọ́ọ̀lù, ti yàrá tí mo tì í mọ́. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó mú bírò, ó ń kọ.

Ìpele kẹta ni Tàjú ṣì wà o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín, ìrànlọ́wọ́ tó nílò kò dín: ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀, kó sì mọ ìgbà tí ariwo ti fẹ́ pọ̀ jù fún un. Ìlà òye tó wà nísàlẹ̀ ìwé ló yí padà. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè wọn òye rẹ̀, pé ó ní ìmọ̀ iṣẹ́ tí òun fojú ara òun rí, àti pé ohun tí ilé sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Mo mú ìwé náà lọ sí Ìlaròó. Ọkùnrin yẹn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a mú un wá fún oṣù kan, àwọn á wò ó. Ó bi mí ta ni yóò máa mú un wá. Mo ní èmi ni.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Tàjú wà lórí ọmọrí àgbá. Ẹ̀gẹ́ tí Màmá fúnra rẹ̀ rà kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀, a ti kó o pamọ́ sínú ilẹ̀ nígbà ọ̀fọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ẹ́ ni. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì bá a sọ̀rọ̀, ní tòótọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sọ pé èmi ni mo ṣe é, pé mo purọ́ mọ́ ọn, pé mo ti lọ sọ ọ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni mo kọjú sí. Ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń wo àpáta. Nígbà tí mo parí, ó dìde, ó ṣí ọmọrí, ó di ọwọ́ mi mú níbi àpá yẹn gan-an, ó sì ti ìka mi bọ inú ẹ̀gẹ́. Ó ṣì le. Ó dé e padà.

Ó wá fi ìka tirẹ̀ tẹ apá mi. Ó dúró díẹ̀. Ó jókòó sórí ọmọrí, ó sún kúrò láàárín, àyè kan sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó.